Ìtọ̀ Ọmọkùnrin Jòjòló Yẹ fún Àkíyèsí

Bí wọ́n bá bí ọmọkùnrin, àwọn òbí a máa ṣọ́ bí ó ṣe ń mu ọmú, bí ó ṣe ń sùn àti ìgbà tí ìwọ́ rẹ̀ yóò já. Bí ó ṣe ń tọ̀ kì í sábà jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń bèèrè. Ibẹ̀ gan-an ni àmì àìsàn ńlá kan ti lè kọ́kọ́ hàn.

Inú oyún ni àìsàn náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan a hù sínú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde, a sì dí i. Ọmọkùnrin nìkan ni ó ń ṣe. Kò wọ́pọ̀: nínú ọmọkùnrin 5,000 sí 8,000, bí ẹyọ kan ni ó ń ní in. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá. Láti ọdún 1919 ni dókítà Hugh Hampton Young, ará Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé rẹ̀.

Ará Kútọnú mọ ohun tí òjò ń ṣe bí ìdọ̀tí bá dí ojú àgbàrá: omi a padà wọ yàrá. Bẹ́ẹ̀ ni ìtọ̀ tó sé mọ́ àpòòtọ̀ ṣe ń padà lọ bá kíndìnrín méjèèjì. Kíndìnrín ni ó ń sẹ́ ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá bàjẹ́ tán, kì í padà bọ̀ sípò.

Ìtọ̀ ọmọkùnrin tí ara rẹ̀ dá a máa tú jáde síwájú pẹ̀lú agbára. Ti ọmọ tí ọ̀nà rẹ̀ dí lè máa kán tó-tó-tó, kí ọmọ náà sì máa tiraka. Ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ lè wú kí ó sì le. Ọmọ tuntun tí kò tọ̀ láàárín wákàtí 24 gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àwọn mìíràn wà tí ìtọ̀ wọn dà bí èyí tó dára. Ara gbígbóná tó ń padà wá léraléra, tàbí àìdàgbà, ni yóò tú àṣírí. Kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ẹ̀fọn ń fà. Ó yẹ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wò.

Àgbo kò lè ká awọ náà kúrò. Ìkọlà kò dé ibi tó wà. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Kí wọ́n tó bí ọmọ pàápàá, àwòrán inú oyún tí wọ́n ń pè ní ekografí lè fi hàn pé àpòòtọ̀ ọmọ wú, tàbí pé omi tó yí i ká kéré jù. Aboyún tí wọ́n bá sọ èyí fún kò gbọdọ̀ fi ìwé náà pamọ́ sínú àpótí. Lẹ́yìn ìbí, àwòrán mìíràn tí wọ́n ń yà nígbà tí ọmọ ń tọ̀ ni yóò fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Dókítà a kọ́kọ́ fi rọ́bà tín-ín-rín fa ìtọ̀ tó sé jáde, lẹ́yìn náà wọn a gé awọ náà. Ní Kútọnú, ilé ìwòsàn ńlá Hubert Koutoukou Maga ní àwọn oníṣẹ́ abẹ fún ọmọdé. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọmọ náà ní láti máa padà lọ fún àyẹ̀wò fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Gbogbo èyí kò lè bẹ̀rẹ̀ bí kò bá sí ẹni tó wò ó. Nítorí náà, kò yẹ kí agbẹ̀bí jẹ́ kí ọmọkùnrin kankan padà sílé láìbèèrè bóyá ó ti tọ̀, àti bí ó ṣe tọ̀ ọ́, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìlera ọmọ. Ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ láràárọ̀ náà ní iṣẹ́ níbẹ̀. Wíwò kò náni ní kọ́bọ̀. Kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé, ó yẹ kí ẹnì kan nínú ilé lè sọ bí ọmọ náà ṣe ń tọ̀.