Ìtẹramọ́ Kì Í Ṣe Agídí

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe tí a fi ń ki akíkanjú láyà nìyí. Síbẹ̀, bí ọmọ bá tẹra mọ́ ohun tí kò yé wa, olórí kunkun la máa pè é. Èmi kò gbà pé ọ̀kan náà ni ìtẹramọ́ àti agídí. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni n ó fi jẹ́rìí.

Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà òwò ilẹ̀ wọn mọ́ àlejò láyé àtijọ́. Nítorí èyí, nígbà tó di oṣù Èbìbí 1892, àwọn ọmọ ogun òyìnbó gbéra láti Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú ìbọn Maxim. Ìjẹ̀bú dúró dè wọ́n létí odò Yemoji. Ogun Ìmàgbọ̀n nìyẹn, Ìjẹ̀bú-Òde sì bọ́ sọ́wọ́ òyìnbó.

Ẹlòmíràn á ní, "Ẹ ò rí ibi tí agídí já sí?" Ọ̀rọ̀ náà dun èmi náà, ẹ̀mí ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn ogun. Alágídí ìbá di ilẹ̀kùn mọ́rí. Àwọn ará Ìjẹ̀bú gba ìwé, wọ́n gba ẹ̀sìn tuntun, nígbà tó sì di 1913, Ijebu-Ode Grammar School ti ṣí.

Ẹ tún wo Balógun Kúkù, olóyè ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, kò lè bá wọn ṣe ọdún ìbílẹ̀ tí wọ́n fi ń júbà ọba mọ́. Ṣé kó wá kẹ̀yìn sí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, ni? Rárá o. Ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́yìn, ó gun ẹṣin, ó lọ kí ọba, ó sì dúpẹ́. Ó pa ọ̀nà ìjúbà dà, kò pa ẹni tó ń júbà fún dà. Ibẹ̀ ni ọdún Ojúde Ọba ti ṣẹ̀, tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ kẹta Iléyá títí dòní.

Ẹ lọ wo àwọn ìyá inú régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, lọ́jọ́ náà. Aṣọ kan náà ló wà lọ́rùn gbogbo wọn, òógùn ń ṣàn lábẹ́ gèlè, oòrùn mú ganrínganrín, wọn ò kúrò lórí ìlà títí wọ́n á fi kan ọba. Bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n dúró dè, wọ́n á dá ọ lóhùn. Alágídí kì í ní èsì ju "mo ti sọ bẹ́ẹ̀" lọ.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá tún jókòó ti iṣẹ́ kan títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi í ní ohun tó ń wá kí ẹ tó pè é ní olórí kunkun.