Ẹnu Tó Jẹ Dòdò Kò Lè Sọ Òdodo

Ọ̀rọ̀ owó ìwé ìròyìn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Àwọn àgbà ní ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ta ló wá ń fún oníròyìn ní dòdò jẹ ní Nàìjíríà? Ìpolówó ìjọba àti ti ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn fi ń jẹun. Akọ̀ròyìn mìíràn wà tí owó oṣù rẹ̀ kì í tètè wọlé, owó inú àpò ìwé tí olóṣèlú bá fún un níbi ìpàdé ló fi ń wọkọ̀ délé. Tí olóṣèlú yẹn bá kówó ìlú jẹ lọ́la, ṣé ẹnu yẹn náà ló máa sọ ọ́?

Èrò tèmi ni pé àwa tí à ń ka ìròyìn ló yẹ ká máa dáwó fún un. Kì í ṣe àlá o. Lọ́dún 2013, ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, Rob Wijnberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ dá De Correspondent sílẹ̀, ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò ní gba ìpolówó rárá. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ san yúrò 60 fún ọdún kan. Bí àwọn bá rí èèyàn 15,000, àwọn á bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 8 péré ni iye yẹn fi pé. Nígbà tó yá, àwọn tó dáwó tó nǹkan bí 19,000, owó náà sì lé ní mílíọ̀nù kan yúrò. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí owó rẹ̀ tó láti sọ pé, "Ẹ má kọ èyí."

Àmọ́ owó àdájọ ní ìtìjú tiẹ̀. Lọ́dún 2018, wọ́n tún dáwó fún ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì rí mílíọ̀nù 2.6 dọ́là. Ọ̀pọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà tó dáwó gbà pé ọ́fíìsì máa wà lọ́dọ̀ àwọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Amsterdam ni gbogbo rẹ̀ máa wà, inú bí wọn gan-an. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Nígbà tí 2021 fi wọlé, ó ti kógbá sílé. Mi ò ní ìbínú yẹn nìkan ló pa á o, àrùn Kòrónà náà wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbowó aráàlú gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe kó yé wọn yékéyéké. Àwa náà ńkọ́? Bí a bá dáwó ra gàrí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ta ni kì í bèèrè pé èló ló kù?

Wọ́n á ní Nàìjíríà kì í ṣe Nẹ́dálándì, ebi ń pa aráàlú. Òótọ́ ni. Premium Times tó wà ní Abuja, tó wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí Panama Papers ní 2016, ń bẹ àwọn òǹkàwé kí wọ́n ràn án lọ́wọ́, síbẹ̀ ó ti gba ìrànwọ́ rí lọ́dọ̀ àjọ MacArthur ti Amẹ́ríkà. Ìrànwọ́ dára, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àlejò bá ní ó tó, ta ló kù? Owó káàdì fóònù ọ̀sẹ̀ kan tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní, kó máa kà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé. Ní ìpàdé wa tó kọjá, àwọn kan ní ká wá òbí olówó kan tó máa san gbogbo owó títẹ ìwé ìròyìn yìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ òun náà ló ń kó ìrẹsì wá fún ilé ìdáná wa ńkọ́? Lọ́jọ́ tí òkúta bá pọ̀ nínú ìrẹsì, ta ló máa kọ ọ́? Ohun tí mo dá lábàá ni kí kálukú wa mú ₦200 wá ní táàmù kọ̀ọ̀kan, kí akápò sì lẹ ìṣirò rẹ̀ mọ́ ara pátákó ìkéde. Ẹni tí kò bá ní, ẹ má fi ìwé dù ú.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ jẹ́ ká ra dòdò wa fúnra wa.