Kìnnìún Inú Ihò Wo?

Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹranko ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó ní kí àwa ọmọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá pe orúkọ Panthera spelaea lédè wa kí òun gbọ́. Ọ̀kan nínú wa yára dáhùn pé “kìnnìún inú ihò”, bí Òyìnbó ṣe ń pè é gẹ́lẹ́. Ọ̀rẹ́ wa rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí a fi sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ fún èdè tó lè gbé e. A bínú. Nígbà tí a lọ kàwé ni a rí i pé ẹ̀rín tọ́ sí wa lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe nítorí ohun tó rò.

Ẹranko yẹn kì í gbé inú ihò. Goldfuss, ará Jámánì, ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1810, nítorí pé inú ihò àpáta ni wọ́n ti rí agbárí tó lò. Ihò máa ń tọ́jú egungun ju pápá gbalasa lọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó jọ pé ó máa ń wọ ibẹ̀ lọ pa ọmọ béárì jẹ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ṣé ẹni tó lọ ra ẹran lọ́jà ti di ará ọjà ni? Pápá koríko ilẹ̀ olótùútù ni ilé rẹ̀, láti Yúróòpù gba Sàìbéríà títí dé Alaska, kó tó run ní nǹkan bí 14,000 ọdún sẹ́yìn. Òyìnbó ṣi orúkọ sọ, àwa náà sì gbé àṣìṣe rẹ̀ pọ̀n. Irú ìtumọ̀ báyìí ló ń ba ojú èdè wa jẹ́, kì í ṣe àìtó ọ̀rọ̀.

Ẹ wo “ọba igbó” tí wọ́n fi kọ́ gbogbo wa ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Igbó wo? Kìnnìún kì í gbé igbó kìjikìji. Ọ̀dàn ni tirẹ̀. Àwọn àgbà wa ní oríkì fún un, ọlọ́lá ijù ni wọ́n ń pè é. Wọn ò sọ pé igbó. A ní ọ̀rọ̀ tó péye nílé, a wá lọ tọrọ èyí tí kò péye níta.

Àwọn tó ní kìnnìún ò kan ilẹ̀ olótùútù, ẹ jẹ́ kí wọ́n dé ihò Chauvet ní ilẹ̀ Faransé, èyí tí wọ́n ṣàwárí ní 1994. Àwọn èèyàn tó ya kìnnìún sára ògiri rẹ̀ ní ohun tó lé ní 30,000 ọdún sẹ́yìn rí i dáadáa: akọ ni wọ́n yà, tẹ̀pọ̀n tẹ̀pọ̀n, síbẹ̀ kò ní gọ̀gọ̀. Ní Sàìbéríà, àwọn tó ń wá eyín mammoth rí ọmọ kìnnìún méjì nínú ilẹ̀ dídì ní 2017 àti 2018. Wọ́n sọ wọ́n ní Boris àti Sparta. Àyè tó wà láàrin wọn kò ju nǹkan bí mítà 15 lọ, gbogbo èèyàn sì rò pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n yẹ ọjọ́ orí egungun wò, Sparta ti kú láti nǹkan bí 28,000 ọdún, Boris láti ohun tó lé ní 43,000. Irun Sparta ṣì wà lára rẹ̀, ó nípọn, irun tó fi ń gba òtútù. Ọmọ tuntun tó sùn lo máa rò pé o rí.

Ọ̀rẹ́ wa tún ní ọ̀rọ̀ tó ti kú ni gbogbo èyí, pé kí ló kan Yorùbá níbẹ̀? Ó kàn wá. Ní 2017 ni àwọn onímọ̀ tún ìdílé kìnnìún òde òní pín sí méjì: ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà ní ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú ti Íńdíà, ti Kenya àti Gúúsù Áfíríkà sì wà ní èkejì. Ìyẹn ni pé kìnnìún Kainji, tí apá kan ọgbà rẹ̀ wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, bá ti igbó Gir ní Íńdíà tan ju ti Kenya tá à ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n lọ. Ìwádìí tó jáde ní 2014 ní gbogbo èyí tó kù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ju nǹkan bí 400 lọ, ọ̀pọ̀ wọn sì wà ní agbègbè ààlà orílẹ̀-èdè Benin, Bùrùkínà Fásò àti Niger. Ní Nàìjíríà, Kainji àti Yankari nìkan ló kù. Bí wọ́n bá tán, tá a sì dákẹ́, ta ni yóò sọ fún ọmọ Yorùbá ohun tí kìnnìún jẹ́? Àwọn tó ń pè é ní ọba igbó náà ni.

Orúkọ tí a fẹnu kò lé lórí nìyí: kìnnìún ìgbà yìnyín. Ẹnì kan láàrin wa fẹ́ “kìnnìún aláìnígọ̀gọ̀”, àmọ́ abo kìnnìún ti òde òní náà ò ní gọ̀gọ̀, nítorí náà a yọ ọ́ dànù. Fún Panthera atrox tó gbé Amẹ́ríkà, èyí tí Leidy sọ lórúkọ ní 1853, a ń lo kìnnìún Amẹ́ríkà àtijọ́. Smilodon eléyín gígùn kì í ṣe kìnnìún rárá, ẹ má fi kún un. A ti fi orúkọ méjèèjì ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ wa. Kò tíì rẹ́rìn-ín.