Ohun Tí A Bá Lábẹ́ Pẹpẹ ní Irschen

Àwa kò rò pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin olùkàwé wa ti gbọ́ orúkọ Irschen rí. Ìlú kékeré kan ni, ní àfonífojì odò Drau, ní ẹkùn Kärnten ní ilẹ̀ Austria. Lórí òkè kan níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Burgbichl, ni àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Innsbruck ti bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ilẹ̀ ní ọdún 2016 láti wádìí ìtàn àwọn tí ó ti gbé ibẹ̀ rí. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ọdún 2022, wọ́n bá àpótí òkúta mábù kan lábẹ́ pẹpẹ nínú ilé ìsìn àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àpótí náà kò tóbi: 30 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, 20 ní ìbú. Inú rẹ̀ ni àfọ́kù àpótí róbótó mìíràn wà, tí a fi eyín erin gbẹ́ ní nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn, tí a sì fín àwòrán Ìwé Mímọ́ sí lára yíká. Ọdún 2024 ni wọ́n tó kéde rẹ̀ fún aráyé.

Gerald Grabherr, ẹni tí ó ṣáájú iṣẹ́ náà, sọ pé nǹkan bí 40 péré ni irú àpótí eyín erin bẹ́ẹ̀ tí a mọ̀ ní gbogbo ayé. Inú ìṣúra àwọn kàtídírà àti inú mùsíọ́mù ni wọ́n wà. Ó sì fi kún un pé, gẹ́gẹ́ bí òun ti mọ̀, ó ti tó nǹkan bí 100 ọdún tí a ti gbẹ́ ilẹ̀ kan irú rẹ̀ kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí á wo àwòrán náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan dúró ní ẹsẹ̀ òkè, ó yí ojú sẹ́yìn, ọwọ́ kan sì yọ láti ojú ọ̀run, ó ń fi nǹkan lé e lọ́wọ́. Kò sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi tí kò ní mọ̀ pé Mósè ni, níbi tí ó ti ń gba òfin ní Sínáì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ẹni inú Bíbélì mìíràn tẹ̀ lé ara wọn, títí a fi dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí ó wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin méjì, tí ọwọ́ kan tún ti inú àwọsánmà jáde, tí ó ń fà á lọ sókè. Níhìn-ín, bí a bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa léèrè, Èlíjà ni wọn yóò dárúkọ kíá, àwa kò sì ní lè bá wọn wí púpọ̀. Ṣùgbọ́n èrò àwọn ọ̀mọ̀wé náà ni pé Ìgòkè-re-ọ̀run Olúwa wa ni: májẹ̀mú tí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ Mósè ni ó wá sí ìmúṣẹ níbẹ̀. Wọ́n ní irú àwòrán Ìgòkè-re-ọ̀run bẹ́ẹ̀, tí ó ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin méjì, kò tí ì hàn níbòmíràn rí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwàásù gidi ni agbẹ́nà náà fi ọ̀bẹ rẹ̀ ṣe, a sì mọ àwọn oníwàásù kan tí wọn kò lè ti Májẹ̀mú Láéláé dé Májẹ̀mú Titun láàárín wákàtí kan.

Ta ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún? Nígbà tí ìjọba Róòmù ń wó lọ, àwọn ará ẹkùn náà kúrò ní àfonífojì, wọ́n gun orí òkè lọ tẹ̀dó. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí àpáta Olúmọ jẹ́ fún àwọn Ẹ̀gbá kò ní béèrè ìdí rẹ̀. Ilé gbígbé, ilé ìsìn Kristẹni méjì àti ibi ìkómipamọ́ ni a ti bá ní Burgbichl. Ní nǹkan bí ọdún 610, ní ìgbà tí àwọn Slav àti àwọn ará Bavaria jagun ní ìtòsí Aguntum, òkè náà di ahoro. Nígbà tí a bá fi ilé ìsìn sílẹ̀, ohun mímọ́ inú rẹ̀ ni a máa ń gbé lọ. Èyí nìkan ni a fi sílẹ̀.

Kì í ṣe ẹwà àwòrán nìkan ni ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé náà rò pé egungun ẹni mímọ́ kan ni ó wà nínú àpótí òkúta. Bí wọ́n ti wo ọ̀nà tí àwọn àfọ́kù náà gbà tò lé ara wọn ni wọ́n fi mọ̀ pé àpótí eyín erin náà ti fọ́ láyé àtijọ́, kí a tó gbé e sábẹ́ pẹpẹ. Àwọn ará ìgbàanì kò dà á nù. Ó dàbí ẹni pé nítorí tí ó ti fara kan ohun mímọ́ rí, òun fúnra rẹ̀ ti di mímọ́ lójú wọn, àní ní fífọ́. Ìgbàgbọ́ odidi ìjọ kan nìyẹn, tí a kà láti inú bí àfọ́kù ti tò. Ká ní àgbẹ̀ kan ni ó fi ọkọ́ kan àpótí náà, tí ó sì kó ohun inú rẹ̀ sí àpò lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò, oníṣòwò yóò fọ̀ wọ́n, yóò lẹ èyí tí ó ṣeé lẹ̀, yóò sì da ìyókù nù. Mósè ì bá ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú òfin rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ì bá ti di.

Ẹ tún wo sùúrù wọn. Eyín erin tí ó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ a máa mu omi, a sì rọ̀. Bí ó bá yára gbẹ, yóò sún kì, yóò sì sán. Ọ̀rinrin inú àpótí òkúta náà tó ìdá 90 nínú 100, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n mú un gbẹ, títí ọdún méjì fi kọjá. Kò sì lè padà di odidi mọ́, nítorí àwọn àfọ́kù ńlá ti wọ́.

Àwa ńkọ́? Ní ọdún 1938, ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kan orí idẹ tí ó lé ní mẹ́wàá. Gbogbo ayé ni ó ń yin orí wọ̀nyí lónìí. Ọ̀kan dé Mùsíọ́mù ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1939, ó sì wà níbẹ̀ di òní. Méjì lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì padà wálé ní ọdún 1950. Ti àwọn tí ó lọ yìí dùn wá. Ṣùgbọ́n ohun kan tún wà tí kò lè padà wálé láéláé: bí àwọn orí náà ti dùbúlẹ̀ sí nínú ilẹ̀, èyí tí ó kọjú sí èyí, ohun tí ó wà láàárín wọn. Ọkọ́ ti tú u ká kí ẹnikẹ́ni tó yà á sórí ìwé. Ní Ọ̀wọ̀, níbi tí àwọn baba wa ti gbẹ́ agere eyín erin tí ó gbayì láti kó ikin sí, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ ní Igbó'Lájà: Ekpo Eyo gbẹ́ ibẹ̀ ní ọdún 1971 pẹ̀lú ìṣọ́ra, ìdí nìyẹn tí a fi lè sọ pé àwọn ère amọ̀ ibẹ̀ jẹ́ ti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún.

Ẹ̀yin ọba àti ìjòyè wa, abẹ́ àṣẹ yín ni ilẹ̀ àwọn agbo ilé àtijọ́ wà, iwájú yín sì ni wọ́n ti ń gba ilẹ̀ ìkọ́lé lójoojúmọ́. Ẹ bá wa sọ fún àwọn bírikìlà kí wọ́n tó gbé ọkọ́: bí nǹkan bá dún lábẹ́ ọkọ́ wọn, kí wọ́n dáwọ́ dúró, kí wọ́n má ṣe fọ̀ ọ́, kí wọ́n má sì ṣe sá a sóòrùn, kí wọ́n fi erùpẹ̀ tútù bò ó níbi tí ó wà gan-an, kí wọ́n sì ránṣẹ́ sí mùsíọ́mù tí ó súnmọ́ wọn jù kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.