Ẹ jẹ́ kí onílẹ̀ dá igun kan sí fún igbó

Láti ọdún 1985, gbogbo ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà ni wọ́n ń ṣe Ọjọ́ Igi ní ilẹ̀ Benin. Àwọn aláṣẹ á mú ọkọ́, àwọn ọmọ iléèwé á pọnmi, wọ́n á ya fọ́tò, igi á sì wọlẹ̀. A ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ìbéèrè tiwa ni pé: irú igi wo là ń gbìn, ilẹ̀ ta là ń gbìn ín sí, ta ni yóò sì máa tọ́jú rẹ̀ nígbà tí àwọn tó ya fọ́tò bá ti padà sílé?

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó ti Kútọnu gba Abomey-Calavi lọ sí Allada. Ibi tí igi bá ti pọ̀, ohun tí a sábà máa ń rí ni tííkì, akasíà tàbí yukalíptọ́ọ̀sì. Àǹfààní wà lára wọn. A ń rí òpó ilé, igi ìdáná àti pákó níbẹ̀, owó sì ń wọlé. Ẹni tó gbìn wọ́n kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n oko igi ni, kì í ṣe igbó. Ilẹ̀ Éṣíà ni tííkì ti wá, Ọsirélíà ni wọ́n ti kó akasíà àti yukalíptọ́ọ̀sì wá. Ẹyẹ tó ń jẹ èso kò rí nǹkan gidi jẹ níbẹ̀, alágbo kò rí ewé já. Tí ọyẹ́ bá dé, ewé tííkì gbígbẹ tó bo ilẹ̀ kò ju kí ẹnìkan ṣáná sí i lọ.

Igbó tiwa yàtọ̀. Ìrókò, apá, àràbà, afàrà, ìyeyè, ọ̀pọ̀tọ́ àti akòko á jọ dúró pọ̀, okùn á lọ́ mọ́ wọn, ewé lóríṣiríṣi á sì hù lábẹ́ wọn. Igi kan kì í dá igbó ṣe, bẹ́ẹ̀ ni oríṣi igi kan ṣoṣo kò lè sọ ara rẹ̀ di igbó, bó ti wù kó pọ̀ tó.

Irú igbó bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Igbó kìjikìji tó ti ilẹ̀ Nàìjíríà bọ̀ já nígbà tó dé ilẹ̀ Benin àti Togo, ó di Gánà kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń pe ibi tó já yìí ní Àlàfo Dahomey. Púpọ̀ nínú díẹ̀ tó kù fún wa ní gúúsù, igbó orò àti igbó òrìṣà ni, tó jẹ́ pé èèwọ̀ àwọn baba wa ló dá wọn sí. Ní báyìí, ilé ń lé wọn bọ̀. Ìkànìyàn ọdún 2002 ka ènìyàn tó lé ní 307,000 ní Abomey-Calavi. Nígbà tí wọ́n tún kà lọ́dún 2013, wọ́n ti lé ní 656,000. Ọdún mọ́kànlá péré ni ìyẹn, iye ènìyàn sì ti ju ìlọ́po méjì lọ. Gbogbo wọn ló fẹ́ ilẹ̀, gbogbo wọn ló ń dáná.

Kí onísòwò má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Èèpo igi àti egbò tí àwọn ìyá wa ń pàtẹ ní Dantokpa, inú igbó ni wọ́n ti ń wá. Bí igbó bá ṣe ń jìnnà sí ìlú ni owó ọkọ̀ á máa gorí ọjà, títí ọjọ́ tí a ò ní rí ọjà náà rà mọ́. Ewé tí wọ́n ń fi di ẹ̀kọ àti igi apá tí àwọn oníṣọ̀nà ń wá kiri wà nínú ìṣirò yìí pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ẹnìkan ti ṣe é. Ní Drabo, lábẹ́ Abomey-Calavi níbí, igbó kan wà tó tó nǹkan bí hẹ́kítà 14, ìyẹn bíi pápá bọ́ọ̀lù ogún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Neuenschwander, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó jẹ́ onímọ̀ nípa kòkòrò, ló wà nídìí rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tó ti dàgbà á rántí kòkòrò funfun tó fẹ́ pa ẹ̀gẹ́ run ní Áfíríkà láyé ọdún 1980 sókè. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ IITA tó fi agbọ́n kékeré kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà borí kòkòrò náà ni bàbá yìí. Ní àárín àwọn ọdún 1990, ó bẹ̀rẹ̀ sí ra ilẹ̀ tó ti ṣá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó òrìṣà kékeré kan, díẹ̀díẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tó nilẹ̀. Irúgbìn tó rí nínú àwọn ègé igbó tó kù káàkiri gúúsù Benin ló ń kó wá gbìn síbẹ̀. Lónìí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún oríṣi ewéko ló wà nínú igbó Drabo, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ èyí tó ń parẹ́ lọ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ọ̀bọ oníkùn-pupa, tí kò sí níbòmíràn láyé ju Benin, Togo àti Nàìjíríà lọ, ń gbé níbẹ̀. Bàbá náà kò lé òrìṣà kúrò kó tó tún igbó ṣe. Ó bá àwọn àgbà ìlú sọ̀rọ̀, ó sì bọ̀wọ̀ fún èèwọ̀ wọn.

Ẹlòmíràn á ní òyìnbó ni, ó lówó. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sí Burkina Faso. Yacouba Sawadogo, àgbẹ̀ lásán ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Ouahigouya, kò lówó, kò sì lọ sí yunifásítì. Nígbà tí ọ̀dá lé àwọn aládùúgbò rẹ̀ kúrò nílé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó jókòó ti ilẹ̀ tó ti le bí òkúta, ó fi ọkọ́ gbẹ́ ihò sí i, ó da ìgbẹ́ ẹran sínú rẹ̀, ó sì gbin ọkà àti igi. Ó di igbó tó lé ní hẹ́kítà 20. Lọ́dún 2018 wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Right Livelihood. Ó kú lọ́dún 2023.

Nítorí náà, owó kọ́ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Pásẹ́ẹ̀lì kan tó jẹ́ 500 mítà níbùú lóròó lè gba nǹkan bí àádọ́ta igi tí a bá fi ìṣísẹ̀ mẹ́ta sáàárín wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ní Kútọnu ló ra ilẹ̀ sí Ṣákẹ́tẹ́, Pọ́bẹ̀ tàbí Kétu, tí ilẹ̀ náà kàn wà níbẹ̀ tí ó ń wo ojú wọn. Kí wọ́n ṣa èso lábẹ́ ìyá igi, kí wọ́n gbìn ín sínú ọ̀rá kí òjò tó dé, kí wọ́n sì gbé e wọlẹ̀ lóṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ata lè wà láàárín igi, èyí tí yóò san owó ìro. Kí wọ́n má ṣe gbin ìrókò nìkan sójú oòrùn, nítorí kòkòrò kan wà tó ń ba ọ̀mùnú ewé rẹ̀ jẹ́. Àárín igi mìíràn, lábẹ́ ìbòòji, ni ó ti ń ṣe dáadáa. Kí wọ́n máa ro èkan àti ewé Akíntọ́lá fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n sì ro etí ilẹ̀ yíká kí ọyẹ́ tó dé nítorí iná. Tí igi bá ti fọwọ́ kan ara wọn lókè, iṣẹ́ á dín kù. Ẹyẹ á gbé irúgbìn wá, àdán tó ń jẹ èso ìrókò á su èyí tirẹ̀ síbẹ̀ lóru, láìgba owó iṣẹ́.

Ibi tó le jù ni ọjọ́ tí onílẹ̀ bá kú. Yacouba Sawadogo kò tíì kú tí ìlú Ouahigouya fi gbòòrò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí wọ́n pín apá kan igbó náà fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, kí ni a fẹ́ sọ nípa ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀? Òfin ilẹ̀ ọdún 2013, tí wọ́n ṣàtúnṣe sí lọ́dún 2017, ti jẹ́ kó yé wa pé titre foncier ni ẹ̀rí tó dúró. Ẹni tó bá fẹ́ gbin igbó, kó ṣe ìwé rẹ̀ kó tó gbẹ́ ihò. Kó pe àwọn ọmọ àti àwọn àbúrò rẹ̀ jókòó, kó sọ fún wọn níṣojú ẹlẹ́rìí pé igun yìí kò sí fún títà, kí wọ́n sì fi ọwọ́ sí i. Igbó tí ọmọ kò mọ ìdí rẹ̀, ìṣẹ́jú kan ni oníṣòwò pákó fi ń rà á.

Ìjọba náà ní tiwọn láti ṣe. Lọ́dún 2012 wọ́n fọwọ́ sí àṣẹ lórí bí a ó ṣe máa tọ́jú àwọn igbó òrìṣà. A fẹ́ kí gbogbo mẹ́ẹ̀rì mú un lò, kí wọ́n fi ààlà sí igbó tó wà lágbègbè wọn kí àwọn tó ń gé ilẹ̀ tó dé ibẹ̀. Èkejì, kí ọgbà irúgbìn ìjọba máa pèsè apá, ìrókò àti afàrà fún Ọjọ́ Igi bí wọ́n ṣe ń pèsè tííkì. Ẹ̀kẹta, kí àwọn òṣìṣẹ́ Eaux et Forêts ṣàlàyé fún àgbẹ̀, ní èdè tó gbọ́, ohun tó lè gé nínú igi tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn àti ìwé tó yẹ kó gbà. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé wọn á mú òun lórí ìrókò tòun kò ní gbìn ín.

Ẹ̀yin onílẹ̀, a ò ní kí ẹ fi gbogbo oko yín sílẹ̀. Igun kan là ń bẹ̀ yín fún. Òjò ọdún tó ń bọ̀ kò jìnnà mọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí ṣa èso pamọ́ láti ìsinsìnyí.