Ìwé ìrìnnà tó pé wà lára owó-òkòwò oníṣòwò tó ń gba Ṣèmẹ̀

Tí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ẹni tó bá dé ibùdókọ̀ Mile 2 yóò rí àwọn oníṣòwò tó ti Tẹ́júoṣó, Yábàá àti Mushin wá, tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Àgbádárìgì àti Ṣèmẹ̀. Àpò Ghana-must-go tí wọ́n ká mọ́ abíyá máa ń ṣófo ní àlọ, ó sì máa ń kún ní àbọ̀. Wọ́n ti ka owó ọjà, wọ́n ti ya owó ọkọ̀ sọ́tọ̀, wọ́n sì ti mọ iye tí wọn yóò ṣẹ́ sí sẹfà. Owó kan tún wà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń dì sí ìdí aṣọ lọ́tọ̀, tí kì í ní rìsíìtì. Òun ni owó tí wọn yóò máa fún àwọn tó bá dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà.

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti gbà pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí owó yìí. Wọ́n ń pè é ní owó ọ̀nà, wọ́n sì ń fi í lé orí ọjà fún oníbàárà. Èrò yẹn kò tọ̀nà. Apá kan nínú owó náà, oníṣòwò ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ fà á nítorí pé kò ní ìwé tó yẹ kó ní. Apá kejì, ìjọba ló ni ẹ̀bi rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n ya méjèèjì sọ́tọ̀, kí kálukú gbé ẹrù tirẹ̀.

Ohun tí òfin sọ

Ìlú Èkó gan-an ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé tó dá ECOWAS sílẹ̀ lọ́jọ́ 28, oṣù Karùn-ún, ọdún 1975. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 1979, àwọn olórí orílẹ̀-èdè náà fọwọ́ sí àdéhùn mìíràn ní Dakar, lórí bí ọmọ orílẹ̀-èdè kan ṣe lè wọ òmíràn. Àdéhùn yẹn ni oníṣòwò tó ń lọ Kútọnu tàbí Lómè ń jẹ àǹfààní rẹ̀ títí dòní, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Ohun tí àdéhùn náà sọ kò le. Ọmọ ECOWAS kò nílò físà kó tó wọ orílẹ̀-èdè ECOWAS mìíràn, ó sì lè lo tó 90 ọjọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni wọ́n ní kó ṣe. Èkíní, kó ní ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Èkejì, kó ní ìwé ìlera tí gbogbo ayé fọwọ́ sí, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí yẹ́lò káàdì. Ẹ̀kẹta, kó gba ẹnubodè tí ìjọba fọwọ́ sí wọlé, kó má gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ ju 90 ọjọ́ lọ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n gbọ́ pé kò sí físà, wọ́n wá rò pé kò sí ìwé. Òmíràn á mú káàdì ìdìbò dání, òmíràn á mú ìwé NIN, òmíràn kò ní mú nǹkan kan, yóò gun ọ̀kadà gba inú igbó kọjá. Káàdì ìdìbò kì í ṣe ìwé ìrìnnà. Pásípọ́ọ̀tù ni ìwé ìrìnnà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìwé ìrìnnà ECOWAS tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1985 fún irú àwọn èèyàn yìí, ìyẹn àwọn tí kò ní í lọ kọjá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tí kò ní ọ̀kan nínú méjèèjì kò ní ẹnu tó lè fi bá òṣìṣẹ́ ẹnubodè jiyàn. Ohun tí wọ́n bá bù fún un ni yóò san.

Ọ̀rọ̀ yẹ́lò káàdì

Káàdì yìí ni oníṣòwò máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú jù, bẹ́ẹ̀ òun ló rọrùn jù. Ẹ̀rí ni pé èèyàn ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Láti ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2016, àjọ ìlera àgbáyé ti yí òfin rẹ̀ padà: ẹni tó bá ti gba abẹ́rẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan, káàdì rẹ̀ wúlò títí ayé rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ pé kó lọ tún un gbà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá mọ́. Ẹni tó bá sọ fún oníṣòwò ní bọ́dà pé káàdì rẹ̀ ti gbó ọdún mẹ́wàá, pé kó mú owó wá, irọ́ ló ń pa.

Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ ni ọjọ́. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ ni káàdì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ lónìí, tó ní òun ń lọ lọ́la, kò tíì ní káàdì lójú òfin.

Èyí tó burú jù ni káàdì tí wọ́n ń rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láì gba abẹ́rẹ́. Ní oṣù Kẹta, ọdún 2012, ìjọba South Africa dá ọmọ Nàìjíríà 125 padà ní pápákọ̀ òfuurufú Johannesburg, wọ́n ní yẹ́lò káàdì wọn kì í ṣe ojúlówó. Ọ̀rọ̀ náà di ìjà láàárín ìjọba méjèèjì, South Africa sì tọrọ àforíjì nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n àforíjì kò dá owó ọkọ̀ òfuurufú padà fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó di ọdún 2019, Nàìjíríà gbé káàdì tuntun jáde, èyí tí wọ́n lè yẹ̀ wò lórí kọ̀ǹpútà, kí ayédèrú lè dínkù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Oníṣòwò tó bá gbọ́ iye tí pásípọ́ọ̀tù jẹ́ báyìí yóò pariwo, kò sì jẹ̀bi. Láti ọjọ́ 1, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025, olójú ewé 32 tó ń lo ọdún márùn-ún ti di 100,000 náírà, olójú ewé 64 tó ń lo ọdún mẹ́wàá sì ti di 200,000. Owó gọbọi ni fún ẹni tó ń ta aṣọ ọmọdé ní Tẹ́júoṣó.

Ṣùgbọ́n ká ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò ṣe ń ṣírò ọjà. Ká ní olójú ewé 32 ni, tí àlọ àti àbọ̀ kan sì ń gba ojú ewé kan fún òǹtẹ̀, kó tó kún yóò ti gbé èèyàn lọ bọ̀ nǹkan bí ìgbà 25. Pín 100,000 sí 25, yóò jẹ́ 4,000 náírà lórí ìrìnàjò kan. Ká tún ní ẹni tí kò níwèé ń ju 1,000 náírà sílẹ̀ níbi márùn-ún péré, ní àlọ àti àbọ̀, ìyẹn ti di 5,000. Kálukú ló mọ iye tirẹ̀, kó fi sí ìṣírò náà wò. Owó pásípọ́ọ̀tù ní òpin, ó sì ní rìsíìtì. Owó ọ̀nà kò ní òpin, ẹni tó ń gbà á ló ń dá iye rẹ̀.

Ewu kejì ju owó lọ. Ẹni tó gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé kò ní òǹtẹ̀ kankan tó fi hàn pé ó dé. Bí wọ́n bá jà á lólè ní Kútọnu, tí oníbàárà bá jẹ ẹ́ lówó ní Lómè, báwo ni yóò ṣe gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ? Òun gan-an ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà mọ ohun tí àìníwèé lè fà. Lọ́jọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó máa lọ. Àwọn oníṣòwò Yorùbá tó ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho àti Ṣakí lọ, tí àwọn mìíràn nínú wọn ti lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀, fi ọjà àti gbèsè sílẹ̀ sá wálé. Nígbà tó di oṣù Kìíní, ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari náà lé àwọn àlejò tí kò níwèé kúrò ní Nàìjíríà, àwọn ọmọ Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ibẹ̀ ni àpò tí oníṣòwò ń ká mọ́ abíyá lọ sí Mile 2 ti gba orúkọ rẹ̀. Àdéhùn 90 ọjọ́ ti wà nígbà náà, ṣùgbọ́n kò gba ẹni tí 90 ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá sílẹ̀.

Èèyàn lọ̀tọ̀, ẹrù lọ̀tọ̀

Oníṣòwò kan lè ní ìwé tó pé, kí wọ́n sì tún gbẹ́sẹ̀ lé ọjà rẹ̀. Kò yẹ kó yà á lẹ́nu. 90 ọjọ́ tí òfin fún un, ara rẹ̀ ló wà fún, kì í ṣe ẹrù rẹ̀. Ọjà tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ ECOWAS, tó sì ní ìwé ẹ̀rí ibi tí wọ́n ti ṣe é, ní ètò tirẹ̀ tí kò gba owó bodè. Ọjà tó ti China tàbí Holland wá kò sí nínú ètò náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Kútọnu ni wọ́n ti rà á. Òkìrìkà wà lára ohun tí Nàìjíríà fi òfin dè pé kò gbọ́dọ̀ wọlé. Wọ́n ti dí ojú ọ̀nà ilẹ̀ fún ìrẹsì láti ọdún 2016, wọ́n sì dí i fún mọ́tò láti oṣù Kìíní, ọdún 2017. Ẹni tó bá kó èyí wọlé tí wọ́n sì mú un kò lè fi ECOWAS bura.

Ohun tó kù fún ìjọba

Bí oníṣòwò bá ti ṣe tirẹ̀, ìjọba gbọ́dọ̀ ṣe tirẹ̀ náà. Gbogbo ẹni tó ń gba ọ̀nà Àgbádárìgì ló mọ̀ pé ẹni tí ìwé rẹ̀ pé pérépéré náà máa ń bá ẹni tí yóò ní kó "ṣe dáadáa" pàdé. Èyí ló mú kí àwọn tó ní pásípọ́ọ̀tù máa sọ pé kí ni àǹfààní rẹ̀. Ìbéèrè gidi ni.

Lóṣù Kẹwàá, ọdún 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari àti Ààrẹ Patrice Talon jọ ṣí ibùdó ẹnubodè àjọlò ní Ṣèmẹ̀, kí òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì lè jọ máa ṣiṣẹ́ lójú kan. Kò tó ọdún kan, ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2019, Nàìjíríà ti bọ́dà pa. Oṣù Kejìlá, ọdún 2020 ni wọ́n tó tún Ṣèmẹ̀ ṣí. Ibùdó tuntun kò lè dín owó ọ̀nà kù bí àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró kí wọ́n tó dé ibẹ̀ bá ṣì wà ní ipò wọn.

Nǹkan méjì ni ìjọba lè ṣe láì náwó púpọ̀. Kí wọ́n gbé ìwé ìrìnnà ECOWAS wá sínú ọjà, kí wọ́n máa bá ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà ní Tẹ́júoṣó àti Ládípọ̀ ṣe é lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá, kí òṣìṣẹ́ ìlera sì wá gún abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lẹ ohun tí òfin sọ mọ́ ara ògiri ní bọ́dà ní èdè Yorùbá, Ègùn, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú nọ́ńbà tí èèyàn lè pè tí wọ́n bá béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tí ìwé rẹ̀ pé.

Kí ìyẹn tó dé, oníṣòwò kò gbọdọ̀ káwọ́ gbera. Lọ́jọ́ 29, oṣù Kìíní, ọdún 2025, Mali, Burkina Faso àti Niger kúrò nínú ECOWAS, èyí sì fi yé gbogbo ayé pé àdéhùn tí èèyàn ń jẹ àǹfààní rẹ̀ lónìí lè yí padà lọ́la. Ẹni tí ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ ló máa ń rọrùn fún láti bá àyípadà rìn. Ẹni tó fẹ́ ra ẹrù 500,000 náírà, kó ya owó ìwé sọ́tọ̀ kó tó ya owó ẹrù. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.