Ẹ Bi Eegun Àtijọ́ Léèrè

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, àbá kì í ṣe ẹ̀rí. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń dá a lábàá pé, bí àwọn ará Yúróòpù ṣe ń mu wàrà sí i ni ara wọn ń gbà á. Eegun òkú àtijọ́ ti wá sọ̀rọ̀ mìíràn.

Ní ọdún 2022, àwọn olùwádìí gbé àbọ̀ iṣẹ́ wọn jáde. Wọ́n ti yẹ DNA, àkọsílẹ̀ àjogúnbá inú ara, àwọn ènìyàn àtijọ́ tí ó lé ní 1,700 wò, àti ọ̀rá wàrà tí ó mu sínú àpáàdì ìkòkò. Ó ti tó 9,000 ọdún tí wọ́n ti ń lo wàrà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àbùdá tí ń jẹ́ kí wàrà dà nínú àgbàlagbà kò wọ́pọ̀ títí di nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Àlàyé wọn ni pé ìyàn àti àrùn ni ó yan ẹni tí yóò ṣẹ́kù: ẹni tí wàrà ń kó ìgbẹ́ gbuuru bá lásìkò ìyàn lè tibẹ̀ kú, ẹni tí ara rẹ̀ gbà á yè, ó sì bímọ.

Nítorí náà, àbùdá yìí kì í ṣe ọlá ìran kan lórí òmíràn. Àpá ìyà ni. Ẹni tí ń fi ẹ̀yà yangàn, kí ó bi eegun léèrè.